Wọ́n Ní Orí Rẹ̀ Pé

"Jíwèé wò? Ta ló jíwèé wò?"

Onígbàjámọ̀ pariwo ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù bíi pé ó fẹ́ kí ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ gbọ́ ọ láìsí fóònù rárá. Bíríkìlà tó jókòó lórí àga níwájú rẹ̀ ta kìjí. Ìdajì orí ọkùnrin náà ti ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ìdajì kejì ṣì rí bí igbó tí ejò ti ń ṣèpàdé.

"Ọmọ mi? Kọ̀ǹpútà? Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, ẹ tún un sọ, etí ló ń hó mi. Ẹ ní ó wo ìwé oníwèé nínú ìdánwò? Ìwé ta? Ìwé áńgẹ́lì ni? Torí kò tíì sí ẹlẹ́ran ara tó mọ ohun tí ọmọ yẹn ò mọ̀! Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ má lọ síbì kankan. Mò ń bọ̀!"

Ó ju fóònù sápò, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgẹrun tó ń kùn yùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbàjámọ̀!" Bíríkìlà ké. "Orí mi ńkọ́?"

"Orí ẹ ò ní sá lọ!"

"Èmi ni mò ń lọ! Àwọn àna mi ń retí mi lọ́sàn-án yìí!"

Gbàjámọ̀ ti dé títì. Bíríkìlà wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó rí i pé èèyàn méjì lòun báyìí, àwọn méjèèjì kò sì jọra. Ó dìde, ó sáré tẹ̀ lé e, aṣọ ìgẹrun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í ráyè jókòó.

Kò sí ẹni tí kò mọ Kọ̀ǹpútà ládùúgbò yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì tó wà, àwọn ọmọkùnrin kan ti ń retí irùngbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé e fo kíláàsì, bí ẹni gbé ọmọ fo gọ́tà. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò tètè ké. Ó kọ́kọ́ ka ìka ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ẹ̀, ó rí i pé mẹ́wàá ni, ìgbà yẹn ló tó lanu. Ó ti sọ ìtàn yìí títí tí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́. Ìyá ọmọ náà, tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìlú mìíràn tó sì ń wálé lópin oṣù, nìkan ló máa ń ta kò ó. Ó ní ọmọ òun ké bí àwọn ọmọ yòókù ṣe ń ké.

Lọ́sàn-án, bí Kọ̀ǹpútà bá ti dé láti ilé-ìwé, orí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ló máa ń jókòó sí. Bàbá rẹ̀ á na òòyà sí i bí ẹni ń ta ọjà. "Ẹ bi í! Ohunkóhun tó bá wù yín, ẹ bi í!" Oníbàárà kan á ju nọ́ńbà tó gùn ju ọkọ̀ ojú irin lọ sí i. Ọmọ náà á wo irun tó wà nílẹ̀, á dáhùn. Wọ́n á tẹ fóònù, á bá a mu, ṣọ́ọ̀bù á sì gbóná bíi pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé. "Orí ọmọ yìí pé!" ni gbogbo wọn á máa pariwo. Àwọn apárí ń wá gẹrun níbẹ̀ nítorí kí wọ́n lè bi í.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, Kọ̀ǹpútà kì í ṣí fìlà ilé-ìwé rẹ̀ mọ́, kì í sì jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gẹ irun òun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ó di ẹ̀yìn ìdánwò. Bàbá rẹ̀ fi ìyẹn náà ṣàwàdà. "Fìlà ọ̀mọ̀wé nìyẹn," ló máa ń wí. "Ẹ ti rí ọ̀mọ̀wé tó ń ṣí fìlà kiri rí?" Ẹ̀rín á pa wọ́n, omi á máa bọ́ lójú wọn.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà ilé-ìwé kò tóbi, fọ́tò Kọ̀ǹpútà tó gbé ife-ẹ̀yẹ dání sì ti gba ìdajì ògiri. Ọ̀gá Àgbà, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan, jókòó sábẹ́ fọ́tò náà. Tíṣà kíláàsì, ọ̀dọ́bìnrin olóhùn jẹ́jẹ́, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fara ti kọ́bọ́ọ̀dù, fìlà rẹ̀ bò ó dé ìpéǹpéjú, ó sì kéré lójú ju bó ṣe rí nínú fọ́tò lọ.

"Ẹ káàsán, Mà. Tíṣà, ẹ káàsán. Mi ò ní jókòó. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá kì í ṣe ti ìjókòó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pa nǹkan tó ń kùn lọ́wọ́ yín yẹn," Ọ̀gá Àgbà wí.

Gbàjámọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ náà. "Ìwé ta lọmọ mi wò?"

"Ti Ẹlẹ́rìn-ín ni, sà," Tíṣà dáhùn.

"Ta ni Ẹlẹ́rìn-ín?"

"Ọmọbìnrin kan tí ẹnu ẹ̀ kì í pa dé fún ẹ̀rín ni. Òun ló máa ń gbẹ̀yìn kíláàsì."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Gbàjámọ̀. Ó rín in tí ife omi orí tábìlì fi ń gbọ̀n. "Ẹ ò rí nǹkan? Ta ló máa ń lọ pọnmi nínú kànga tó gbẹ? Ẹlẹ́rìn-ín yín ló wo tiẹ̀! Olóko lẹ mú, ẹ fi olè sílẹ̀!"

"Ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí, sà. Kọ̀ǹpútà kọ ìdáhùn tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló tọ́. Lẹ́yìn náà ló pa á rẹ́, ó na ọrùn wo ti Ẹlẹ́rìn-ín, ó sì kọ èyí tí kò tọ́ síbẹ̀. Bó ṣe ṣe é nìyẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé mì. Gbàjámọ̀ yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí i bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ẹ jẹ́ n bi í lójú yín. Kọ̀ǹpútà! Igba lọ́nà ọgọ́jọ, mélòó ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Dádì."

"Ó ń bá wa ṣeré ni. Ogún lọ́nà méjìlá?"

"Ọgọ́rin."

"Ọgọ́... Kọ̀ǹpútà! Méjì lọ́nà méjì?"

Ọmọ náà gbójú sókè wò ó. "Méje."

"Háà!" Ohùn kan wọlé láti ojú fèrèsé. Bíríkìlà ni, òun àti orí rẹ̀ onílé méjì. "Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìdágbére gan-an mọ ìyẹn o!"

Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ti rọ̀gbà yí i ká láti wo orí rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń na ojú wọlé láti fèrèsé.

Ìtìjú gbéra láti àtẹ́lẹsẹ̀ Gbàjámọ̀, ó ń gùn ún bọ̀ bí epo gbígbóná. Ká ní ilẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni, ilẹ̀ ọ́fíìsì yẹn ì bá ti là lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sókè.

Ọmọ náà kò bo ojú. Kò bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn orí ló fi ọwọ́ méjèèjì bò, ó tẹ fìlà náà mọ́bẹ̀ gírígírí.

Ọwọ́ Gbàjámọ̀ dúró sínú afẹ́fẹ́. "Ṣí fìlà yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì."

"Mo ní ṣí i!"

"Sà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lé àwọn tó wà lójú fèrèsé," Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Gbàjámọ̀ ti já fìlà náà gbà.

Ẹ̀yìn orí Kọ̀ǹpútà pá. Ojú ibẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà.

Gbàjámọ̀ lè rí lápálápá lórí ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà tó ń sáré. Kò sí àrùn orí kan tí kì í kí i tí wọ́n bá pàdé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ibẹ̀. Lápálápá kọ́; kò ní ìpẹ́, kò ní etí. Abẹ kọ́, irun tí abẹ bá fá, bákan náà ló ń hù. Níbí, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, òmíràn ti kán lágbede méjì, ibòmíràn dán bórobòro, pẹ̀lú àmì pupa wínníwínní níbi tí gbòǹgbò ti jáde.

"Ta ló ń fa irun ọmọ mi tu?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Èmi ni," ni ọmọ náà wí.

Ẹ̀rín ojú fèrèsé ti dákẹ́. Gbogbo wọn ló ti rí i. Gbàjámọ̀ gbìyànjú láti dá fìlà náà padà, ṣùgbọ́n ó dé e sódì. Orí tó fi ń yangàn káàkiri ayé nìyí, orí tí gbogbo àdúgbò ní ó pé. Orí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti gbá orí aláìsàn mú, ó ti gbá orí ọ̀mùtí mú, orí kan ṣoṣo tó jẹ́ tiẹ̀ láyé ni kò fọwọ́ kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ̀rín ló sì fi ń rín fìlà tó bò ó mọ́lẹ̀.

Tíṣà pa fèrèsé dé mọ́ Bíríkìlà lójú. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà. "Sọ fún Dádì ohun tó o sọ fún mi."

Kọ̀ǹpútà ń wo ilẹ̀. "Ẹlẹ́rìn-ín ní téèyàn bá fìdí rẹmi, wọ́n á dá a padà sí kíláàsì tó wà nísàlẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Àwọn ẹgbẹ́ mi wà níbẹ̀."

"Àwọn tó wà níbí ń nà ẹ́ ni?"

"Rárá. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ ni, àfi tí wọ́n bá fẹ́ wo iṣẹ́ mi. Tí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, ilé ìyàgbẹ́ ni mo ti máa ń jẹ búrẹ́dì mi."

"Ilé ìyàgbẹ́? Lo ti ń jẹun?"

"Kò sẹ́ni tó ń wò mí níbẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. "Ìṣirò náà ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé o ò fẹ́ràn ẹ̀ mọ́ ni?"

"Ìṣirò ò ṣe mí ní nǹkan kan, Mà. Àwọn tó ń wò mí ni."

Gbàjámọ̀ rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́kàn, ó rí àpótí ẹ̀gbẹ́ dígí, ó rí ara rẹ̀ pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Ó wá jókòó nígbà yìí, láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

Tíṣà ní ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì máa gòkè wá fún ìṣirò nìkan, kó jókòó sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má pè é dìde. Ó ní ẹnì kan wà ní ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa irú irun fífà báyìí, pé kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe oríkunkun.

"Èyí dáa," Ọ̀gá Àgbà wí. Ó ń yí bírò ọwọ́ rẹ̀ po. "Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdíje ìṣirò tó fẹ́ ṣojú ilé-ìwé wa níbẹ̀. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán, ká wá bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìyẹn. Fìlà á bo ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ohun tó ti Gbàjámọ̀ lójú jù lọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe méje tí ọmọ rẹ̀ pè, kì í sì í ṣe ẹ̀rín Bíríkìlà. Ẹnu ara rẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ ti là láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti rán aṣọ tí yóò wọ̀ dúró tì í lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti sọ fún àdúgbò, ó ti sọ fún àdúgbò kejì, bí ọ̀nà bá wà ni, ì bá ti sọ fún àwọn tó wà nínú òṣùpá. "Bẹ́ẹ̀" ti dé orí ahọ́n rẹ̀ kó tó rí i pé Tíṣà ń wo òun, tí ọmọ náà kò sì wo òun rárá. Ọmọ náà ti mọ ohun tí yóò sọ.

Ó pa ẹnu dé. "Màá... màá pè yín, Mà."

Àwọn mẹ́ta ló rìn padà. Kọ̀ǹpútà wà níwájú, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, Bíríkìlà ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń dúró wo orí Bíríkìlà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Gbàjámọ̀ dúpẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò.

"Gbàjámọ̀," Bíríkìlà sún mọ́ ọn, "mi ò rí nǹkan kan o."

"O rí i."

"Ó dáa, mo rí i. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ni mo fi di ẹnu mi. Àfi tí wọ́n bá gbé dígà wá fọ́ ọ."

Gbàjámọ̀ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kan èjìká ọkùnrin náà.

Ṣọ́ọ̀bù ti kún. Télọ̀ tó rán aṣọ tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, òun àti àwọn mélòó kan tí wọ́n ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ bíi pé wákàtí wákàtí ni irun wọn ń hù. Bí wọ́n ṣe rí Kọ̀ǹpútà, wọ́n hó yèè.

"Ọ̀mọ̀wé dé!" Télọ̀ fò dìde. "Mo ti tọ́jú ìbéèrè tèmi láti àná. Ẹ jẹ́ n bi í..."

"Má bi í," Gbàjámọ̀ wí.

"Ẹyọ kan péré."

"Mo ní o ò gbọdọ̀ bi í!"

Télọ̀ padà jókòó. Fóònù Gbàjámọ̀ dún. Ọ̀gá Àgbà ni. Ó ní àwọn onítẹlifíṣọ̀n ń béèrè lọ́wọ́ òun. Gbàjámọ̀ rò ó pé kí òun jáde lọ dáhùn nídìí ògiri. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti ń lọ sídìí àpótí rẹ̀ bí ẹni ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Kò jáde.

"Rárá, Mà. Kò ní ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, mo mọ̀ pé ẹ ti fi orúkọ ránṣẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí Tíṣà ṣe wí ni mo fẹ́. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ ṣé, Mà."

Télọ̀ ti na etí bí ehoro. "Kò ní ṣe kí ni? Aṣọ tí mo rán ńkọ́? Kó bẹ̀rẹ̀ kí ni lọ́la?"

"Ó ń padà sí kíláàsì àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀."

"Sísàlẹ̀? Kọ̀ǹpútà rìpíìtì?"

Irọ́ oríṣiríṣi tò sẹ́yìn eyín Gbàjámọ̀, wọ́n ń ti ara wọn, kálukú ní òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ó lè ní àwọn òyìnbó ló pàṣẹ ẹ̀. Ó lè ní wọ́n fẹ́ kó máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ níwèé ni. Wọn ì bá gbà á gbọ́, ìtàn ìka nọ́ọ̀sì ṣáà wọlé sí wọn lára.

"Pè é ní rìpíìtì," ó wí. "Èmi ni mo tì í síwájú jù."

"A jẹ́ pé gbogbo ariwo yẹn, lásán ni?" Télọ̀ pa àtẹ́wọ́. "Kọ̀ǹpútà ti dákú o! Ẹ wá nǹkan fi ṣáájì ẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbàjámọ̀ dúró gba ẹ̀rín náà sára, bí ẹni dúró sínú òjò tí kò ní agbòjò. Etí rẹ̀ gbóná débi pé èèyàn lè lọ aṣọ lórí ẹ̀. Ó gbọn irun kúrò lórí àga.

"Bíríkìlà, wá jókòó. Àwọn àna ẹ ń dúró."

Bíríkìlà wo Kọ̀ǹpútà tó di etí fìlà rẹ̀ mú. "Jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ jókòó," ó wí. "Àwọn àna mi ti mọ̀ pé orí mi ò pé látọjọ́ tí mo ti wá tọrọ ọmọ wọn."

Kọ̀ǹpútà gun àga. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí fìlà, ó sì gbé e lé itan. Ó kọjú sí dígí, nítorí náà Télọ̀ àti àwọn yòókù tó wà lẹ́yìn rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín kán sí wọn lẹ́nu. Ẹnì kan ní "Yéè", ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Gbàjámọ̀ so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó mú ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ sì pàdé ojú ọmọ rẹ̀ nínú dígí. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ sí gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sórí àga yẹn. Ó ń sọ ọ́ sí ọ̀mùtí tí ò lè dáhùn. Ó ń sọ ọ́ sí apárí tí kò ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ gẹ̀. Kò sọ ọ́ sí ọmọ rẹ̀ rí. Bó bá ṣe wu òun ló máa ń gẹ irun rẹ̀.

"Báwo lo ṣe fẹ́ ẹ?" ó bi í.

Ọmọ náà kò dáhùn kíá bó ṣe máa ń dáhùn ìṣirò. Ó ń ronú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mí kanlẹ̀, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń dúró de ìdáhùn. Ó rí wọn nínú dígí.

"Ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, Dádì."

Gbàjámọ̀ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jáde."

"Gbogbo wa?" Télọ̀ béèrè. "Lásìkò tí ọjà ń yá yìí?"

"Gbogbo yín."

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n jáde sínú oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò rójú wo ara wọn. Gbàjámọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó fi irin há a. Ó padà wá dúró sẹ́yìn àga náà, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, ó sì ń dúró dè é.